Ṣé Ó Yẹ Kí A Fọ Owó Onírin Àtijọ́?

Bí ènìyàn bá tú àpótí ìyá àgbà wò ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìjerò tàbí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kì í ṣe ohun ìyanu bí ó bá bá àpò aṣọ kékeré kan ní ìsàlẹ̀ àpótí náà, tí kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè wà nínú rẹ̀. Owó kòkó ni púpọ̀ nínú wọn nígbà kan rí. Àwọn mìíràn jẹ́ owó èésú tàbí owó ẹgbẹ́ tí wọn kò tíì ná tán kí ìjọba tó pa owó dà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973, nígbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò ti dúdú, àwọn kan yóò sì ti ní àwọ̀ ewé lára. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ẹni tó bá rí wọn lọ́kàn ni pé kí òun wá ọsàn wẹ́wẹ́, eérú àti kànìnkànìn, kí òun sì fọ̀ wọ́n títí wọn yóò fi máa dán gbinrin.

Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ kárí ayé ní ìdáhùn kan tí wọ́n máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìdáhùn náà kò sì gùn rárá: ẹ má fọ̀ ọ́. Ìmọ̀ràn tó dára ni, mo sì fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú, nítorí pé wọ́n tún ń rí àwọn onímọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń fọ owó tí a hú jáde láti inú ilẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ pé àwọn tó ń kó owó jọ gan-an máa ń ki owó wọn bọ omi tàbí asẹtóònù, ìyẹn kẹ́míkà olómi kan tó ń tú ọ̀rá, nígbà mìíràn. Ààlà kan wà tó mú kí ọ̀rọ̀ méjèèjì bára mu. Ohun tó ti ìta wá bà lé owó, bí erùpẹ̀, òróró àti gọ́ọ̀mù, la lè mú kúrò, bí a bá mọ ọ̀nà tí a fi ń mú un kúrò. Ohun tí irin owó náà fúnra rẹ̀ ti dà, ìyẹn dúdú tó wà lára fàdákà àti àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ ewé tó wà lára bàbà, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ara owó ni, ẹni tó bá sì mú un kúrò ti bó díẹ̀ nínú owó náà dànù.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún wa láti gbà, nítorí pé ìmọ́tótó kì í ṣe ohun kékeré nílé Yorùbá. Ọmọ tí kò bá lè fọ ẹ̀yìn ìkòkò mọ́ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ìkòkò tí a ń fi iyanrìn ha lójoojúmọ́ sì ń fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bìkítà, nítorí pé ìwúlò ìkòkò kò sí lójú rẹ̀. Ti owó àtijọ́ yàtọ̀: ojú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ènìyàn fi ń rà á, nítorí náà ẹni tó bá ha ojú rẹ̀ ti ha iye rẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ bí ojú yẹn ṣe wáyé. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ àwọn owó wa àtijọ́, ní London tàbí ní Birmingham, wọ́n máa ń gbé irin pẹlẹbẹ rìbìtì kan sáàárín òǹtẹ̀ irin líle méjì, wọ́n á sì fi agbára ńlá tẹ̀ ẹ́. Bí òǹtẹ̀ ṣe ń tẹ irin náà, irin á máa ṣàn láti àárín lọ sí etí, ṣíṣàn yìí á sì fi àwọn ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ sílẹ̀ káàkiri ojú owó. Ojú lásán kò lè rí àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn ló ń mú kí ìmọ́lẹ̀ máa yípo lójú owó tuntun bí ẹ bá ń yí i sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ gílóòbù. Kànìnkànìn, iyanrìn, eérú, ọṣẹ ìfọyín, àní aṣọ tó le díẹ̀ pàápàá, ń tẹ àwọn ìlà yìí rẹ́, wọ́n sì ń fi ìlà tiwọn rọ́pò wọn. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè dá wọn padà. Àwọn àmì kékeré mìíràn náà wà nínú ewu: lára owó tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rọ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lẹ́tà H kékeré kan máa ń fi hàn pé ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló rọ ọ́, KN sì ń tọ́ka sí Kings Norton. Ẹni tó ń kó owó jọ lè san iye tó yàtọ̀ nítorí lẹ́tà bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì kéré débi pé fífọ̀ líle lè pa á rẹ́ pátápátá lára owó tó ti jẹ díẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí ènìyàn tó ronú omi tàbí ọṣẹ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irin tí owó náà jẹ́, nítorí pé ohun tí kò ní ṣe fàdákà ní nǹkan kan lè ba ìyókù jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí fàdákà. Ní ọdún 1912 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, owó fàdákà ti Ìlú Ọba gan-an ni àwọn ènìyàn ń ná níbí, ìdí nìyẹn tí a fi ń rí ṣílè tó ní orí Ọbabìnrin Victoria nínú àpótí àwọn àgbà. Láti ọdún 1913 ni tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì ti ìgbìmọ̀ náà ti ń jáde, fàdákà sì ni wọ́n nígbà náà, ìdá 925 nínú 1,000 jẹ́ fàdákà, ìyókù jẹ́ bàbà. Ní ọdún 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ àwọn owó kan náà. Nítorí náà, ẹni tó bá di ṣílè tó ní igi ọ̀pẹ lẹ́yìn mú gbọ́dọ̀ wo ọdún tó wà lára rẹ̀ kí ó tó pè é ní fàdákà.

Fàdákà kì í dógùn-ún bí irin. Imí ọjọ́ ló ń sọ ọ́ di dúdú. Imí ọjọ́ wà nínú èéfín igi ìdáná, nínú rọ́bà tí a fi ń so owó pọ̀, nínú ẹyin, nínú irun àgùntàn tí wọ́n fi ń hun aṣọ òtútù, àti nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá kan fàdákà, àwọn méjèèjì á di ara wọn mú, wọ́n á sì di awọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Owó tí wọ́n tọ́jú sórí àjà ilé ìdáná fún ogójì ọdún kò lè má dúdú. Ohun tó yẹ kí ẹ kíyè sí ni pé fàdákà wà nínú awọ dúdú yẹn. Bí omi ásíìdì tàbí kẹ́míkà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà fi ń fọ ẹ̀gbà ọrùn bá ká a kúrò, fàdákà tó wà nínú rẹ̀ á bá a lọ, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo sọ lókè á sì fẹ́lẹ́ sí i. Lẹ́ẹ̀kan, bóyá ojú kò ní tètè rí i. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́ta mẹ́rin, owó náà á funfun, ṣùgbọ́n ó máa ṣá, kò ní í dán mọ́. Àwọn kan ń lo omi gbígbóná, fóìlì alumíníọ́mù àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, wọ́n sì ń sọ pé ọ̀nà yìí kò mú fàdákà kúrò. Òótọ́ ni pé ó ń gba imí ọjọ́ padà lọ́wọ́ fàdákà, ṣùgbọ́n fàdákà tó padà bọ̀ kì í tò lójú owó bí òǹtẹ̀ ṣe tò ó. Ó máa ń rí ràkọ̀ràkọ̀. Fún ṣíbí àti fọ́ọ̀kì, ọ̀nà náà dára. Fún owó tí ẹ fẹ́ tà tàbí tí ẹ fẹ́ fi pa mọ́ fún ọmọ, kò dára.

Idẹ àti bàbà ni ọsàn wẹ́wẹ́ ń bà jẹ́ jù. Bàbà tuntun pupa, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń pẹ́ ni ó ń ní àwọ̀ ilẹ̀, awọ náà sì ń dáàbò bo èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Omi ọsàn tàbí ọtí kíkan ń jẹ awọ yẹn kúrò ní ìṣẹ́jú díẹ̀, owó á wá pupa fòò bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́. Inú olówó á dùn ní ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ojú bàbà tí kò ní ààbò mọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ṣùgbọ́n kò ní í yí dọ́gba: ibì kan á dúdú, ibì kan á pọ́n, àmì ìka á hàn gbangba níbi tí wọ́n ti dì í mú. Ti àwọn ṣílè tí wọ́n fi bàbà àti síǹkì pò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ásíìdì máa ń tètè fa síǹkì jáde ju bàbà lọ, ojú owó tó yẹ kí ó ní àwọ̀ idẹ á wá ní pupa rẹ́súrẹ́sú tí kò bá a mu. Ẹni tó bá mọ owó á ti ọ̀nà jíjìn mọ̀ ọ́n. Coca-Cola náà ní ásíìdì nínú, ohun kan náà ló sì ń ṣe. Omi ásíìdì bátìrì kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lò ó rárá. Ó ń jẹ owó, ó ń jẹ ọwọ́, ó sì lè fọ́ ojú.

Ọ̀nínì àkọ́kọ́ tó ní ọdún 1907 tàbí 1908 lára yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Alumíníọ́mù ni wọ́n fi rọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, irin náà kò sì fara da ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa, ni wọ́n bá fi bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì rọ́pò rẹ̀. Ásíìdì ń jẹ alumíníọ́mù, ṣùgbọ́n kán-ún àti omi eérú náà ń jẹ ẹ́, ọṣẹ dúdú sì wà lára ohun tí a fi omi eérú ṣe. Nítorí náà, ọṣẹ tí a gbà pé kò lè pa ènìyàn lára lè gbẹ́ ojú ọ̀nínì alumíníọ́mù. Bí ẹ bá ní ọ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Kọ́bọ̀ tó jáde ní ọdún 1973 kò le láti mọ̀: 1 kọ́bọ̀, tó ní ẹ̀rọ ìwapo lára, jẹ́ bàbà, 5 kọ́bọ̀ tó ní kòkó, 10 kọ́bọ̀ tó ní ọ̀pẹ àti 25 kọ́bọ̀ tó ní ẹ̀pà jẹ́ bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì, òòfà kì í sì í fà wọ́n. Àwọn ti ọdún 1991 ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Irin ni wọ́n nínú, awọ bàbà tàbí ti níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi bò wọ́n lóde, òòfà sì máa ń fà wọ́n. Awọ náà kò nípọn. Bí ènìyàn bá fi nǹkan líle ha a dé inú irin, omi á wọlé, owó náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún láti inú bọ̀ síta, èyí tí kò sí àtúnṣe fún. Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀ tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀. Abala 21 nínú Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 kò kan bébà náírà nìkan. Ó kan owó onírin tí báńkì náà gbé jáde pẹ̀lú, ó sì ka dídín ìwọ̀n owó kù, lílu ihò sí i tàbí fífín nǹkan sí i lára mọ́ ìbàjẹ́ tí a lè tìtorí rẹ̀ jẹ́jọ́. Ìjìyà rẹ̀ kò lè dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦50,000. Fífi omi ṣan owó kò sí nínú èyí, ṣùgbọ́n fífi ásíìdì jẹ ẹ́ tàbí fífi ayùn ha a yàtọ̀.

Nísinsìnyí, ohun tí a lè ṣe. Bí owó bá ní erùpẹ̀ gbígbẹ tàbí eruku lára, omi ni oògùn rẹ̀, ẹ má sì kánjú. Omi kànga àti omi ẹ̀rọ ní iyọ̀ oríṣiríṣi àti kẹ́míkà ìpakòkòrò nínú, wọ́n sì lè fi àbàwọ́n sílẹ̀ bí wọ́n bá gbẹ. Omi tó dára jù ni èyí tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ padà, tí àwọn tó ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe máa ń rọ sínú bátìrì. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ gidigidi, nítorí pé àwọn kan náà ló ń ta ásíìdì bátìrì nínú irú ike kan náà. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé omi lásán lẹ fẹ́, kí ẹ sì ka ohun tó wà lára ike náà. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura tó rọ̀ sórí tábìlì kí owó má baà já lulẹ̀, ẹ fọ ọwọ́ yín mọ́, ẹ sì máa di owó mú ní etí nìkan. Ẹ rọ omi náà sínú abọ́ kan, ẹ kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sí i ẹyọ kan péré, kí ẹ sì fi owó kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ tirẹ̀ kí wọ́n má baà máa họ ara wọn. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ẹ gbé e, ẹ máa mì ín nínú omi mìíràn títí ọṣẹ yóò fi tán lára rẹ̀, ẹ sì tún fi omi mímọ́ ṣan án. Ẹ má fi ìka pa á. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, bó ti wù kí ó rọ̀ tó. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó gbẹ, ẹ fi aṣọ òwú tó rọ̀ tẹ̀ ẹ́ lé e lórí lókè lódò kí aṣọ náà fa omi mu, ẹ má nù ún. Erùpẹ̀ kan ṣoṣo tó bá kù lára owó ti tó láti fa ìlà sí i láti etí dé etí nígbà tí a bá ń nù ún. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jẹ́ kí ó sinmi dáadáa kí ó gbẹ pátápátá kí ẹ tó kó o pamọ́.

Asẹtóònù wà fún ohun tí omi kò lè mú kúrò: òróró, gọ́ọ̀mù sẹ́lótéèpù, àti ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé tí àwọn ike rírọ̀ kan máa ń fi sílẹ̀ lára owó. Kì í bá fàdákà tàbí bàbà jà. Ó kàn ń tú ọ̀rá tó wà lára wọn ni, lẹ́yìn náà á sì fẹ́ lọ. Àmọ́ omi tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ kì í ṣe asẹtóònù lásán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé asẹtóònù wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti fi òórùn dídùn, àwọ̀ àti òróró sí i, gbogbo rẹ̀ á sì kù sára owó. Èyí tí kò ní àbùlà ni kí ẹ wá. Abọ́ gíláàsì ni kí ẹ fi lò ó, nítorí pé ó ń yọ ike. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ó jìnnà sí sítóòfù, sí jẹnẹrétọ̀ àti sí ẹni tó ń mu sìgá, nítorí pé ó ń gbaná kíákíá bí epo bẹntiróòlù tí a ń bẹ̀rù, ooru rẹ̀ sì lè gbaná láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Kí àwọn ọmọdé má sí nítòsí. Asẹtóònù kò ní í mú kí owó dúdú funfun, ẹni tó bá sì ń retí bẹ́ẹ̀ máa ṣe é lásán.

Owó tí a hú láti inú ilẹ̀ nílò sùúrù ju gbogbo wọn lọ. Bí wọ́n bá wó ògiri amọ̀ àtijọ́ kan ní àwọn ìlú wa, wọ́n lè bá ìkòkò kékeré nínú rẹ̀, tí owó rẹ̀ ti di mọ́ra wọn pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa. Ẹ má fi òòlù tàbí ọ̀bẹ là wọ́n níyà. Ẹ rẹ wọ́n sínú omi bátìrì tí kì í ṣe ásíìdì náà, ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́, kí erùpẹ̀ fúnra rẹ̀ rọ̀. Ó lè gbà ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Igi ìtayín tí ẹ ti fi omi rẹ̀ ni kí ẹ fi máa ti ohun tó bá ti rọ̀ kúrò, lábẹ́ dígí tó ń mú nǹkan tóbi, kí ẹ sì dúró níbi tí erùpẹ̀ bá ti ń di awọ ara owó. Níbí ni ìyàtọ̀ àárín àwọn onímọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ẹni tó ń ta owó wà: àwọn onímọ̀ ń fọ ohun tí a hú nítorí pé wọ́n fẹ́ ka ohun tó kọ sí i lára, kí iyọ̀ inú ilẹ̀ má sì jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀, kì í ṣe nítorí kí ó lè dán.

Bí ẹ bá rí ohun kan tó dà bí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé fífẹ́lẹ́ lára owó bàbà, tó sì ń padà wá lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ̀n ọ́n kúrò, kí ẹ yà á sọ́tọ̀ kíákíá. Iyọ̀ inú ilẹ̀ tàbí ti òógùn ló wọ inú bàbà, ó sì ń bá ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, yóò sì máa jẹ owó náà lọ títí yóò fi luhò. Ibi gbígbẹ ló lè dín in kù: ẹ fi sínú ìgò kékeré tó ní ìdérí pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin mu, irú èyí tí a máa ń bá nínú páálí bàtà. Ìtọ́jú rẹ̀ gan-an jẹ́ iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ tèmi, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ni n ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn. Àwọ̀ ewé tó le, tó dán, tó sì lẹ̀ mọ́ owó ṣinṣin yàtọ̀ sí èyí. Kò ṣe owó ní nǹkan kan, òun náà sì wà lára ohun tí àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ń fẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ra owó náà gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń dá owó tí wọ́n ti fọ̀ mọ̀. Ẹ gbé e sábẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo, kí ẹ máa yí i. Bí ẹ bá rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó dojú kọ ọ̀nà kan náà, aṣọ tàbí búrọ́ọ̀ṣì ló fà wọ́n. Bí àárín owó bá ń tàn, ṣùgbọ́n tí ìdọ̀tí dúdú ṣì há sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà àti ti orí ọba, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Bí owó bá ti jẹ tí orí ọba sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, àmọ́ tí ó ń dán bí tuntun, ẹ mọ̀ pé owó tó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá kì í dán bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ PCGS àti NGC ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n máa ń yẹ owó wò tí wọ́n sì ń fún un ní nọ́ńbà láti 1 dé 70, kì í fún owó tí fífọ̀ ti bà jẹ́ ní nọ́ńbà yìí. Wọ́n á kọ ọ́ sí i lára pé a ti fọ̀ ọ́, ìyẹn sì ti tó láti mú kí ẹni tó fẹ́ rà á dín owó tó fẹ́ san kù púpọ̀.

Ẹ wo kọ́bọ̀ oníhò ti ọdún 1936 tó ní orúkọ Edward Kẹjọ lára. Oṣù Kìíní ọdún náà ló gun orí oyè, ó sì kọ adé sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Ní Ìlú Ọba, owó tó ní orúkọ rẹ̀ kò jáde fún ìnáwó, ṣùgbọ́n nítorí pé kọ́bọ̀ oníhò tiwa kò nílò àwòrán orí ọba, wọ́n ti rọ ọ́ lọ́pọ̀ yanturu kí ó tó kúrò. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí nìkan lè rò pé olówó iyebíye ni òun. Owó náà pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Èyí tó ti jẹ, tàbí tí wọ́n ti ha, kò tó nǹkan, èyí tó ṣì ní ojú tí òǹtẹ̀ fún un ni àwọn ènìyàn ń wá. Àhesọ tó ń lọ káàkiri pé kọ́bọ̀ ọdún 1973 tàbí náírà onírin kan ń tó mílíọ̀nù kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe san owó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa bá yín fọ̀ ọ́ kí òun lè bá yín tà á.

Kò sí èyí tó ní kí ènìyàn má fi ọwọ́ kan owó ìyá rẹ̀ rárá. Ṣílè idẹ tó ti jẹ, tí wọ́n ti lu ihò sí nígbà kan rí kí wọ́n lè fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn, ti di ohun ọ̀ṣọ́. Bí ọmọ bá fẹ́ kí ó dán kí òun lè fi lọ síbi ìgbéyàwó, tirẹ̀ ni. Ìyókù ni kí ẹ tọ́jú sínú àpò bébà tí kò ní ásíìdì tàbí ike líle tó mọ́ kedere, kí ẹ yẹra fún ike rírọ̀ tó ń rùn, rọ́bà, àti bébà ìròyìn, kí ó sì wà ní yàrá tó gbẹ, tó jìnnà sí ilé ìdáná.

Èyí tí ẹ bá sì ti fọ̀ kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má gbìyànjú láti fi ẹyin, èéfín tàbí epo sọ ọ́ di dúdú padà. Àwọ̀ tí a fi tipátipá fún owó kì í jọ ti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ń fi kún ìbàjẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan ásíìdì tó bá kù lára rẹ̀ kúrò dáadáa, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ gbé e síbi gbígbẹ kan. Yóò máa ní àwọ̀ tirẹ̀ padà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí ẹ bá wá fẹ́ tà á, ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé a ti fọ̀ ọ́ rí.